Dídùn Tí Kò Dé Ahọ́n Yín

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Táyọ̀ ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yín ní Ẹ̀gbẹ́dá títí àbúrò mi á fi ti iléèwé dé. Wọ́n gé lára àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ṣì wà. Igi ló fi ń rìn.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń ṣe ní Dópèmú. Ègé kan já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, ó gé e, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ó wọ bàtà lé e, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣadé ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú egbò náà ti dúdú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Bàbá, gbogbo wa la wolẹ̀. Àrùn tó gbà yín lọ́wọ́ wa náà ni, èyí tó kọ́kọ́ gba ojú yín, tí ẹ ò fi lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, kó tó wá ba kíndìnrín yín jẹ́.

Màámi ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn lọ́rùn. Dókítà tó ń tọ́jú Táyọ̀, obìnrin kan tí kò lè jù mí lọ, béèrè bóyá ẹnìkan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí. Ni Màámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ tíì.

Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ tíì? Ẹ máa ń fà á mu díẹ̀, ẹ ó rọra gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹ ó ní kò sí ṣúgà níbẹ̀. Màámi á ní àwọn fi sí i. Ẹ̀yin á ní kò sí. Níwájú àlejò pàápàá ni. Lójú tiwọn, ńṣe lẹ fẹ́ dójú ti àwọn, kí ayé lè máa pè wọ́n ní ahun. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ilé máa ń pa rọ́rọ́, tí èmi àti Táyọ̀ á máa bá yín jíṣẹ́ fún ara yín nínú yàrá kan náà. Nígbà tí àìsàn wá dé, Màámi kó ṣúgà pamọ́ sínú ike ìrẹsì, ẹ sì ń fọwọ́ wá a kiri ilé ìdáná. Gbogbo rẹ̀ ni Màámi kà sílẹ̀ fún dókítà, bí ẹni ń fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní Táyọ̀ ti gba ìwà yẹn lára yín, pé Ṣadé ò lè po gààrí kó dùn tẹ́ ẹ lọ́rùn láé, pé mínírà ló fi ṣe omi mímu.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní àwọn nǹkan tíntìntín kan wà lórí ahọ́n ọmọ ènìyàn, bí ilẹ̀kùn ni wọ́n rí, àwọn ló ń gba adùn wọlé kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá la ti ń jogún bí ilẹ̀kùn náà ṣe rí, jíìnì ló pe ohun tó ń gbé e wá. Tẹlòmíràn ṣí dáadáa. Tẹlòmíràn kò ṣí tó bẹ́ẹ̀, ohun tó dùn lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀ lè dà bí omi lẹ́nu tirẹ̀, á sì máa wá ṣúgà sí i. Ó ní irú wọn tún wà nínú ìfun, tí wọ́n ń sọ fún ara pé ṣúgà ń bọ̀, kó múra dè é. Èmi ò mọ̀ pé ìfun ń tọ́ nǹkan wò. Ṣé ẹ̀yin mọ̀, Bàbá?

Kò sọ pé ahọ́n ló fa àrùn o. Ó ní nǹkan pọ̀ tó ń fà á, àti pé àrùn náà fúnra rẹ̀ máa ń mú ahọ́n kú díẹ̀díẹ̀. Kò lè sọ èwo ló ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó bu ṣúgà bíńtín sínú omi inú ọ̀rá, ó pín in fún wa nínú kọ́ọ̀bù rọ́bà. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn díẹ̀. Màámi ní ó dùn. Ṣadé náà ní ó dùn. Táyọ̀ mu tiẹ̀, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní omi ni. Ó rò pé a fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìfẹ́olúwa ọmọ mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ò rí i kẹ́ ẹ tó lọ, inú mi ló wà. Ó nawọ́, mo sì fún un, torí mo rò pé á pa wá lẹ́rìn-ín. Ó mu ún tán pátá.

“Mọ́mì, omi lásán mà ni.”

Dókítà wò mí, ó tètè gbé ojú kúrò. Ó ní omi inú kọ́ọ̀bù kì í ṣe àyẹ̀wò, pé ara ọmọ náà le, kí n má bẹ̀rù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ìka nu ìdí kọ́ọ̀bù náà, mo lá a, ó ṣì dùn. Màámi sì wà níbẹ̀ tí wọ́n di kọ́ọ̀bù tiwọn mú, tí wọn ò gbé e sílẹ̀, tí wọn ò mu ún.

“Kò dùn lẹ́nu bàbá yín,” ni wọ́n sọ. “Òótọ́ ni wọ́n ń bá mi sọ.”

Wọn ò sunkún. Láti ìgbà yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lè wá sójú oorun wọn, ẹ wá. Àbí kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún?

Táyọ̀ ti fi mínírà sílẹ̀. Ó ní oúnjẹ dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ páálí. Nítorí pé a jókòó tì í ló ṣe ń jẹun. Lọ́jọ́ kan ó jágbe mọ́ Ṣadé nítorí ẹ̀wà, ó wá bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo bi dókítà bóyá oògùn wà tó lè ṣí ilẹ̀kùn orí ahọ́n yẹn. Kò sí. Ó ní kó máa lo oògùn rẹ̀, kó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ó tán. Táyọ̀ ní ojú òun máa ń ṣú nígbà míì. Mò ń wò ó bí mo ṣe wò yín, mi ò sì rí nǹkan kan ṣe.

Ìfẹ́olúwa ńkọ́? Ṣé kí n máa ka ṣíbí mọ́ ọn lẹ́nu ni? Bí mo bá ní ó tó, á ní mo háwọ́. Bí mo bá sì gbójú fò ó, kí ni mo ń dúró dè?

Lánàá, èmi àtirẹ̀ ń jẹ máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Mo rí i pé ó ti dáwọ́ dúró, ojú mi ló ń wò.

“Mọ́mì, báwo ló ṣe ń rí lẹ́nu tiyín?”

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́. Mo wá a títí, Bàbá. Omi máńgòrò ń ṣàn lọ sí ìgúnpá mi, ọmọ náà dúró, ó ń retí.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.