Ọmọ Báǹkì Tó Ń Bèèrè Rẹ Lọ́wọ́ Mi

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, kú iṣẹ́, kú wàhálà ìlú ńlá. Ìlú ńlá ò ní gbé ọ mì. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Àgbàdo ṣe dáadáa, àmọ́ àwọn tó ń rà á ní àwọn ò sanwó sọ́wọ́ mọ́, àfi báǹkì, ni mo bá wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ kí àna, mo gba ibẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin kan ló ń jókòó níbẹ̀. Onítáì là ń pè é, torí kì í bọ́ táì ọrùn rẹ̀ kódà bó bá gun alùpùpù lọ wo oko àwọn tó fẹ́ yáwó. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Kò ní ebè kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kan ń fẹ́ òtútù sí i lórí látàárọ̀ dalẹ́, bí a bá sì gbé iṣu fún un, á ní òfin ò gbà.

Ó mú ìwé tí wọ́n fi ń ṣí àpò owó jáde, ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bi mí ní tèmi tán, ó yà sọ́dọ̀ rẹ. Kí lorúkọ rẹ? Ọmọ ọdún mélòó? Nọ́ńbà fóònù rẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ bíbí inú mi ni? Mo wò ó títí. Èwo ni ti ọjọ́ orí ọmọ mi nínú owó àgbàdo? Mo ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ méjì fọ́kọ, mo mọ ìtọrọ ìyàwó bí mo bá rí i. Mo ní ó yẹ kó mú àwọn èèyàn rẹ̀ dání, àmọ́ mo gbà, mo buwọ́ lù ú. Ojúlé tí o ń gbé nìkan ni mi ò lè sọ fún un, ojú sì tì mí. Ìyá rẹ ti sá aṣọ tí yóò wọ̀ síbi ìgbéyàwó sóòrùn.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ pé ó ti bi alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ náà nípa ọmọ tirẹ̀, géńdé ọkùnrin onírùngbọ̀n. Inú bí mi, mo padà lọ bá a, mo ní ọmọ mélòó ló fẹ́ fẹ́ nínú ìlú kan ṣoṣo, tọkùnrin tobìnrin. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti níyàwó nílé, òun ò rí i láti oṣù márùn-ún tí wọ́n ti gbé òun wá síbí. Ó ní ẹni tí báǹkì yóò pè lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́ ni ìwé náà ń bèèrè. Mo jókòó. Mo ní kó fi orúkọ rẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo nílò owó ajílẹ̀. Má fi ránṣẹ́, gbé e wá fúnra rẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ, wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìkórè mẹ́ta ti kọjá tí a ò rí ọ, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ báǹkì ni yóò pè ọ́ wálé.

Èmi bàbá rẹ.