Irin Tí Ẹ Kọ́ Ní Ijó

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Akpakpa, àdúgbò wa. Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin. Wọ́n ti ba ijó yín jẹ́.

Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tí ẹ fi irin kàn fún ẹgbẹ́ ijó wa? Àwọn tí ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá kí ẹ bá wọn tún un ṣe rò pé orí yín ti dàrú. Agolo òróró ni àyà rẹ̀, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni iṣan rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń yí ìbàdí rẹ̀. Kí ẹ tó de ìgúnpá rẹ̀, ẹ máa ń kọ́kọ́ ká ìgúnpá tiyín, ẹ ó wò ó, ẹ ó tún ká a. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ̀yin lẹ sọ bí ijó náà yóò ṣe rí. Èmi àti irin á máa jó yí ara wa ká. Bí irin bá há, kí n dúró dè é, kí n fọwọ́ lé e léjìká títí yóò fi tún gbéra. Bó bá rẹ̀ mí, kí n fara ti apá rẹ̀. Ẹ ní bí ènìyàn àti ẹ̀rọ yóò ṣe máa gbé pọ̀ nìyẹn, láìsí pé ọ̀kan sọ èkejì di ẹrú.

Ìsìnkú yín ò tí ì pé oṣù kan tí kàmáráàdì tí wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wa yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní àwọn ọ̀gá ìjọba ń bọ̀ wá wò ó, ẹ̀kọ́ Rẹfolúṣọ̀n ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó to àwa oníjó mẹ́jọ sẹ́yìn irin, ó ní kí a máa gbé apá bó ṣe ń gbé e, kí ojú wa má sọ nǹkan kan. Mo sọ fún un pé bàbá mi ò kàn án fún irú èyí. Kò tilẹ̀ wojú mi.

"Irin yìí kì í ráhùn," ló wí. "Irú òṣìṣẹ́ tí a ń wá nìyẹn."

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín tún ẹ̀rọ ṣe, ṣé ẹ rí ọ̀kan rí tí kì í ráhùn? Ṣebí ariwo rẹ̀ lẹ fi ń mọ ibi tó ń dùn ún?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Láàárín ijó, irin há, apá rẹ̀ dúró lókè. Apá gbogbo wa náà dúró lókè. Kàmáráàdì ń ṣẹ́wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan pé kí a má mira. Apá Sẹnami, ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti ń gbọ̀n. Mo bá kúrò lórí ìlà. Mo fọwọ́ lé irin yín léjìká, mo sì dúró dè é. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo fara tì í. Sẹnami náà jáde wá bá mi. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ti irin yín mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Nígbà tí mo lọ béèrè rẹ̀, wọ́n ní ohun ìní àwọn aráàlú ni. Èmi wá ńkọ́, ará ibo ni mí? Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ padà sínú ẹgbẹ́, kí n kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, kí n jẹ́wọ́ pé mo ṣàìgbọràn. Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní bébà tí màá kọ ọ́ sí.

Bébà náà nìyí, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo fi kọ̀wé sí. Ó ti kún báyìí, kò sáyè mọ́ fún tiwọn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí ò sì ní tọrọ àforíjì.