Òǹtẹ̀ Ara Àgbá Afẹ́fẹ́

Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara wa le ní Ẹ̀pẹ́ níbí.

Ìjà èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, lórí àgbá afẹ́fẹ́ tí Mujeeb ọmọ yín ń gbé pọ̀n wọ inú ọ̀sà láti fi mí lábẹ́ omi, ti parí. Mo tan iná wo inú rẹ̀, ó ti dógùn-ún. Irin tó bá dógùn-ún á fẹ́lẹ́, ó lè bẹ́, nítorí náà n kò lu òǹtẹ̀ pé ó ṣeé lò sí i lára. Ọ̀gá ní mo rí òun fín. Àwọn àgbà tó wá parí ìjà náà ní, “Mọ̀nsúrát, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Kúnlẹ̀, bẹ ọ̀gá ẹ.” Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ṣàdúà, gbogbo wa ṣàmín. Kò sẹ́ni tó wo inú àgbá. Ọwọ́ mi ni mo fi lu òǹtẹ̀ náà.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìwó. Mujeeb ní òun á pè yín tí òun bá jáde nínú omi.