Ilẹ̀kùn Bàbá Mi àti Ilé Inú Omi

Abà Ìdí-Àràbà,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1976.

Adéfúnmiláyọ̀, Àríkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Yaba? Ṣé ara ọ̀gá yín le, àti ti Àǹtí Caroline tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀? Olúwa kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohùn arò nípa rẹ. Àwa náà wà láàyè, ṣùgbọ́n àyà ìyá rẹ ṣì ń já, tèmi náà kò tíì balẹ̀, ohun tó fà á ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n kọ ọjọ́ orí, gíga àti bí ara ṣe rí sí, mo ti kọ ọ́: ọdún méjìdínláàádọ́rin, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀, ara le àfi orúnkún òsì. Yẹ̀kínnì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wá sọ fún mi pé ilẹ̀kùn tí bàbá mi gbẹ́ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe èmi. Mo ní ta ló ń béèrè ọjọ́ orí ilẹ̀kùn?

Àwòrán ilé mùsíọ́mù tí o yà, èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ sétí ọ̀sà láti kó ohun àtijọ́ sí, tí o ní ilẹ̀kùn wa ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn rẹ̀, a tẹ́ ẹ sórí ẹní, ẹ̀rù sì bà mí. Gbogbo bébà náà dà bí aró, ìlà ilé wá funfun tín-ín-rín láàárín rẹ̀. Etí omi lo wí, inú omi gan-an ni mo rí i. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò jẹun yó, mò ń rò ó pé báwo làwọn èèyàn ṣe máa mí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọkọ̀ Píjò kan gbé ọkùnrin mẹ́ta dé. Olórí wọn wọ kóòtù, ó fi bébà olóǹtẹ̀ pupa hàn mí, ó ní mùsíọ́mù ló rán òun wá gbé ilẹ̀kùn. Inú mi dùn pé o ti ránṣẹ́. Mo ti ń kó àpótí kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wọn kí n tó bi í pé omi tí ilé náà wà nínú rẹ̀, ṣé kò ní ba igi jẹ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, omi wo, ó ní orí òkè gbígbẹ ni ilé náà wà, kò sí omi nítòsí. Orí mi wú. Mo ní ta ló ya àwòrán rẹ̀? Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jethro ni.

Mo ní ilẹ̀kùn kò lọ síbì kankan. Ni àwọn méjì yòókù bá ti irin bọ ìdí rẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́. Ìyá rẹ jókòó gbàgà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbé òun mọ́ ọn. Mo figbe ta, Yẹ̀kínnì sáré dé tòun ti sípánà, àwọn ará oko tẹ̀lé e pẹ̀lú àdá. Wọ́n ju ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n sá wọ ọkọ̀. Apá ẹlẹ́ṣin tí bàbá mi gbẹ́ sí àárín rẹ̀ kán. Mo mú apá náà lọ́wọ́, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìyá rẹ ní ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ kúrò nílé mọ́. Èmi ní bó bá dúró, wọn yóò padà wá, agbára wa kò sì ká a. Wá gbé e fúnra rẹ, má rán ẹnikẹ́ni. Kó náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dání fún káfíńtà, kó kan pákó sẹ́nu ọ̀nà wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ la máa ta síbẹ̀.

Ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán kò ní gbọ̀n, ilé tí o bá yà kò ní wó. Ìyá rẹ kò tíì gbà kí ilẹ̀kùn lọ o, ṣùgbọ́n lánàá ó bi mí pé bí òun bá wá sí Èkó, ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Ìwọ tí o ya ilé ni kí o dá a lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèníran Ọ̀jẹ̀túndé.