Ọmọ Mi Ń Kàwé Láìwo Ìwé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ayaba dé. Àbúrò mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi, kò mọ̀. Apòògùn ni òun; èmi, télọ̀. Ìyá kan, bàbá kan. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló yà wá. Èmi wà níbi tí wọ́n ti ń há ọmọ mọ́ra bí ìdì aṣọ. Ìgbà tó kàn án, a ti kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gidi.
Mò ń jowú rẹ̀. Ó ti pẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo ní kí ọmọ mi ka ìwé òyìnbó rẹ̀ fún un. Ó kawọ́ sẹ́yìn, ó kà á geere. Orí mi wú. Ayaba fọwọ́ bo ìwé — ọmọ ṣì ń kà á lọ. Ayaba ṣí ojú ewé tí kíláàsì wọn ò tíì dé. Ọmọ dákẹ́, ó ń wò mí.
Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn: tíṣà á sọ, gbogbo wa á gbè é. Mo rò pé ìwé kíkà nìyẹn.
Ayaba rọra pa ìwé náà dé. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá rí nǹkan fi bá a jà.

Ọjọ́rú, 5
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa wà lẹ́yìn ilé wa. Tó bá pẹ́ ju báyìí lọ, kò ní rọrùn fún un ní sẹ́kọ́ńdìrì."
Mo ní ọmọ mi kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń yá lò.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo rán apá aṣọ oníbàárà sódì. Lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Màmá wa ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ó ní, "Ṣé ọmọ ẹ lo fẹ́ fi gbẹ̀san lára àbúrò ẹ?"
Wọ́n mọ̀ mí jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo ṣẹ́ etí aṣọ ọmọ mi sínú dáadáa, kí wọ́n lè máa tú u bó bá ṣe ń ga. Ó wọ mọ́tò Ayaba. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Karùn-ún
Ayaba àti ọmọ mi wá kí mi. Ọmọ mú bébà ìròyìn tí mo fẹ́ fi gé àwòṣe ṣòkòtò, ó ń kà á. Ó ń fìka tọ́ ọ, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà, ó tún ń lọ. Èyí kì í ṣe àkọ́sórí. Omi bọ́ lójú mi.
Ó kan ọ̀rọ̀ òyìnbó gígùn kan. Ó kọjú sí àbúrò mi: "Mọ́mì, kí lèyí?"
Mọ́mì.
Ayaba ní, "Ìyá ẹ ló jókòó yẹn, bi wọ́n."
Ó gbé bébà náà wá bá mi. Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí. N ò lè kà á.
Mo ní, "Lọ bi Mọ́mì ẹ."