Páálí Ọdún Tí Anúwà Kò Wo Inú Rẹ̀

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Ólífì,
                                        Sfax,
                                        Tùnísíà.
                                        15 Oṣù Kẹrin, 2024.

Mónjíà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyàwó tí Anúwà ọmọ mi fẹ́ gbé ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Má bínú pé n kò tíì kí ọ. Ẹ kú ọdún o. Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú sìgá?

O mọ̀ pé ẹ̀bùn ọdún gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ wa dé ilé Yúsírà, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kí ààwẹ̀ tó parí. Anúwà ní òun ò lè máa gbé agbọ̀n káàkiri ìgboro bíi bàbá òun. Orí kọ̀ǹpútà ló ti lọ ra makrúùdù, àkàrà olóyin tí dàbínù máa ń wà nínú rẹ̀ yẹn, ní ilé ìtajà tó jẹ́ pé òun gan-an ló fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ẹ̀lì kọ ètò wọn. Ètò ọ̀hún ló dójú tì wá. Bó ṣe là á yé mi, wọn kì í gbé ẹrù gan-an fún ètò náà, ìka ni wọ́n fi ń tọ́ka ibi tó wà. Ètò á bi wọ́n pé, "Kí lẹ̀ ń tọ́ka sí, àtòjọ ni àbí ọ̀rọ̀ lásán?" Tí wọ́n bá ti ní àtòjọ ni, ó ti kọjá nìyẹn. Kì í yọjú wo inú rẹ̀. Anúwà yan páálí, ó gbàgbé láti yan ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Páálí yẹn ni àtòjọ, òfìfo sì ni! Ètò gbà á, ẹ̀rọ lẹ páálí pa, wọ́n so ríbọ́nù pupa mọ́ ọn, ó di ilé àna.

Sákíà, ìyá Yúsírà, pè mí. "Ìyá Anúwà, páálí yín mà rẹwà o! Ṣé sísè la máa sè é ni, àbí díndín?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ẹni tó gbé páálí òfìfo fún ìyàwó lónìí, ilé òfìfo ló máa gbé e sí lọ́la. Ó pa fóònù. Mo kọjú sí Anúwà. Ó ní, "Màámi, mo ṣáà wádìí pé páálí ni." Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé!

Dúró ná, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Mo ti padà. Páálí yẹn ni o! Sákíà ló dá a padà, ríbọ́nù kan náà ló wà lára rẹ̀. Ṣé wọ́n ti kọ ọmọ mi nìyẹn? Àmọ́ ó wúwo, a kì í ṣáà dá àwo tí wọ́n fi gbé nǹkan wá fún wa padà lófìfo níbí. Anúwà ṣí i, makrúùdù kún un dẹ́nu. Ó ju ọ̀kan sẹ́nu. "Màámi, wọ́n ti dárí jì wá! Oyin ni!" Mo ní kó yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọ̀kan ti dùn, gbogbo wọn ló dùn." Ló bá mú èkejì. Mónjíà, iyọ̀ ni wọ́n dì sínú rẹ̀ dípò dàbínù! Ọmọ mi sáré gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ, ojú rẹ̀ pọ́n koko.

Fóònù rẹ̀ dún. Yúsírà ni, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀: "Ìyá mi ní ṣé o ti bá oníyọ̀ pàdé?" Sákíà já fóònù gbà: "Àna mi, ìgbéyàwó ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé agbọ̀n wá, kí n tú u wò níṣojú rẹ."

Anúwà ti jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, ó ń kọ́ ètò rẹ̀ pé kó béèrè irú ẹrù tó jẹ́, kó sì wo ohun inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Makrúùdù tó kù wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kàn án.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé. Tètè fèsì o, ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ wà nínú àpòòwé náà. Màá ṣí i wò.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀,
                                        Hẹ́díà.