Wọ́n Ní Ọ̀dínárì Ni

Àtìní, 13 Oṣù Kìíní 2025. Nichelino, Italy

Bí mo ṣe ń ṣí fèrèsé láràárọ̀ nìyí. Ìbòjú kan wà níta rẹ̀, tapparella ni wọ́n ń pè é, igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀ ni, okùn fífẹ̀ kan lára ògiri la sì fi ń fà á sókè. Téèyàn bá fà á lẹ́ẹ̀kan, á dún gbàràgbàrà, ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ á fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún lókè, ọwọ́ òsì nísàlẹ̀. Mo máa fà á díẹ̀, mo máa dúró, mo máa tẹ́tí. Díẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ á gba àárín igi wọlé ní tínínrín tínínrín, á dé orí ibùsùn Martina, òun náà á fi ìrọ̀rí bojú. Tó bá ti dé ìdajì, mo máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdajì òkè ló máa ń ké jù.

Martina ní bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé n kì í ṣí i dókè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

Bàbá rẹ̀, Bùọ̀dá Kàmíìlù, àbúrò ìyá mi, ló gbà mí sílé. Lánàá wọ́n pè mí jókòó. "Raudah, ìdánwò àkọ́kọ́, o fìdí rẹmi. Tí èyí tó ń bọ̀ yìí bá tún bọ́, Pordenone ni o. Àǹtí ẹ Hùmúàní tó ń gbé níbẹ̀ ti bá ẹ wá àyè iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọ́n á fi í sílẹ̀ dè ẹ́ di ìparí oṣù." Wọn ò jágbe. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo mọ iṣẹ́ ìgbà yẹn. Ẹnu mi ni kò là. Ìdánwò ẹnu ni wọ́n ń ṣe ní yunifásítì níbí: èèyàn á jókòó síwájú olùkọ́, àwọn tó kù á wà lẹ́yìn, wọ́n á máa gbọ́.

Àlàrùbá, 15

Onísíkáàfù — olùkọ́ wa nípa ìtàn. Síkáàfù pupa, òjò ni, oòrùn ni — gbà kí kálukú fúnra rẹ̀ yan ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Mo ti yan tèmi.

Ọjọ́ tó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe kó àwọn Gíríìkì kúrò ní Tọ́kì, tí wọ́n sì kó àwọn Mùsùlùmí kúrò ní Gíríìsì, ó fi àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan hàn wá. Lefter. Gíríìkì ni, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí àwọn Gíríìkì Istanbul dúró. Ọmọ apẹja ni, láti erékùṣù kan níwájú ìlú náà. Kò ga. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Tọ́kì, ó sì wọ jẹ́sì wọn lọ bá Gíríìsì gangan, ilẹ̀ tó ni èdè bàbá rẹ̀. Ní 1951 ó wá sí Italy, sí Florence. Èmi ń pè é ní Ọmọ Apẹja.

Mo ka ìwé kan lórí rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní orúkọ tí àwọn èèyàn fún un ní Tọ́kì ni Ordinaryüs. Ìwé náà kò túmọ̀ rẹ̀. Ṣé ó tún nílò ìtumọ̀?

Mo sọ ọ́ fún bùọ̀dá níbi oúnjẹ. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀dínárì? Agbábọ́ọ̀lù tó tó báyìí, ọ̀dínárì?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Áà. Wọ́n rí i fín. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ wa, ọ̀gá tó dé lóṣù tó kọjá ṣì ń pè mí ní *ehi, tu*, ìwọ yẹn."

Martina ní, "Papà, mangia," pé kí wọ́n jẹun. Bùọ̀dá padà sídìí oúnjẹ.

Àlàmísì, 16

Sáà kan péré ni Ọmọ Apẹja lò ní Florence. Ṣé òun náà máa ń dá jẹun?

Sátidé, 18. Pordenone

Bùọ̀dá ní kí n wá fojú ara mi rí i. Àǹtí Hùmúàní wá pàdé mi ní stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní mo ti rù. Yàrá tí wọ́n máa fún mi mọ́, ó sì gbóná. Wọ́n mú mi kọjá níwájú ilé iṣẹ́ náà. Ògiri funfun, gígùn, kò lópin. "Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni o," ni wọ́n wí. "Látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa ní kó o sọ̀rọ̀."

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: ó wù mí.

Sọ́ńdè, 19. Inú ọkọ̀ ojú irin

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Padua. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pápá bọ́ọ̀lù àtijọ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tó ní òrùlé roboto roboto. Ẹgbẹ́ Padua àti ẹgbẹ́ Florence jọ wà nínú líìgì kan náà ní sáà yẹn, nítorí náà àwọn Florence wá síbí. Bóyá Ọmọ Apẹja wà nínú wọn lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀. Mo ṣáà dúró létí ọgbà irin rẹ̀. Koríko tútù, ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn. Mo rò ó wò — gbogbo pápá ń pariwo ní èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa, ó sì ní láti béèrè bọ́ọ̀lù. Báwo ló ṣe ń béèrè? Ó ní láti pariwo. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí kì í pariwo.

Mo pariwo bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. "Qui!" Ìyẹn ni pé, níbí! Ajá náà wò mí.

Àtàláátà, 21

Martina ṣe olùkọ́, èmi ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi aṣọ ìnura wé ọrùn bíi síkáàfù.

"Più forte, Raudah! Sembri una zanzara." Ó ní kí n gbé ohùn sókè, pé mo ń dún bí ẹ̀fọn.

Mo tún un sọ. Ó ní ẹ̀fọn tó ti yó. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ọ̀dínárì, bí wọ́n ṣe tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ tó sì fara dà á, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní ibẹ̀ dára jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti ń jáde.

Jímọ́ọ̀, 24

Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀! Erékùṣù, apẹja, Florence. Onísíkáàfù ń mi orí. Mo wá dé ibi tí mo gbójú lé: pé *ordinario* ni wọ́n ń pè é, láti fi tàbùkù rẹ̀, torí pé Gíríìkì ni.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀.

Onísíkáàfù bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè pé kí ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì òun.

*Professore ordinario.* Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i láti oṣù kẹsàn-án. Mo tiẹ̀ sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé olùkọ́ ọ̀dínárì ni wọ́n fún wa, pé àwọn ńláńlá ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Onísíkáàfù wá fi sùúrù ṣàlàyé pé ordinario ni ibi gíga jù tí olùkọ́ yunifásítì lè dé. Kò tún sí òkè mọ́.

Defne, ọmọ Tọ́kì tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dìde lẹ́yìn. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Bàbá àgbà mi kì í pè é lórúkọ mìíràn."

Mo dáhùn àwọn ìbéèrè tó kù. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mọ́kàndínlógún nínú ọgbọ̀n. Méjìdínlógún ni wọ́n fi ń yege. Tí n kò bá fẹ́ ẹ, mo lè kọ̀ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà títí di Àtìní, kí n tún wá lóṣù tó ń bọ̀. Àṣà wọn níbí nìyẹn, kí èèyàn kọ máàkì.

Bùọ̀dá gbé mi sókè nílẹ̀, bí mo ṣe dàgbà tó yìí. "Alhamdulillah! O yege! Kí ló tún kù?" Wọ́n pe Àǹtí Hùmúàní lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n fi àyè yẹn fún ẹlòmíì.

Sátidé, 25

Defne ló kọ̀wé sí mi. A mu tíì nítòsí ọjà Porta Palazzo. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí nítorí ẹ̀rín. Rárá.

"O jẹ́ kó rọrùn jù," ló wí. "O ní wọ́n kórìíra Lefter. Ká ní wọ́n kórìíra rẹ̀ ni, ì bá sàn."

Ó sọ fún mi. Oṣù kẹsàn-án, 1955. Ọ̀pọ̀ èèyàn dìde sí àwọn Gíríìkì Istanbul, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fọ́ ilé. Wọ́n sọ òkò sí ilé Lefter náà. Lefter tí wọ́n ń kọrin kí ní pápá! Ó ti kúrò ní Italy àti France nígbà náà, ó ti padà sílé. Bàbá àgbà Defne ní Lefter mọ díẹ̀ nínú àwọn tó wá, wọ́n bi í léèrè orúkọ wọn, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó tún wọ jẹ́sì. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

"Kí ló dé tí kò lọ?" ni mo bi í.

"Lọ síbo? Ilé rẹ̀ nìyẹn."

A jókòó pẹ́. Ó ní kí n kọ́ òun ní bí a ṣe ń pe Raudah dáadáa. Ó ń pè é bí ohun jíjẹ.

Sọ́ńdè, 26

N kò kọ nǹkan kan. Mò ń rò.

Àtìní, 27

Ẹni tí wọ́n kórìíra, tó fara dà á: mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn. Ara mi ni mò ń sọ. Ẹni tí wọ́n gbé gẹ̀gẹ̀, tí wọ́n sọ ilé rẹ̀ lókò, tó sì mọ ojú wọn, tó tún sá eré kiri pápá kí inú wọn lè dùn — mi ò tíì rí irú agbára bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì sọ ọ́. Ọkùnrin tí wọ́n fún mi ní mọ́kàndínlógún lé lórí kò sí láyé rí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìrun àsárì. Bọ́tìnì méjì. *Accetta*, mo gbà. *Rifiuta*, mo kọ̀. Mo tẹ ìkejì.

Martina ti wà lẹ́yìn mi, n kò mọ̀. "Ma sei pazza? Papà ti ammazza." Ó ní ṣé orí mi yí ni, pé bàbá òun á pa mí.

Òótọ́ ni. Àyè Pordenone ti lọ. Tí mo bá ṣubú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, kò sílé-ìwé, kò síṣẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò jọ ti ìdánwò àkọ́kọ́. Ó jọ ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí.

Martina wá béèrè bóyá òun lè wá gbọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kó wá, kó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Lọ́la, kí bùọ̀dá tó wọ bàtà iṣẹ́ wọn, màá kúnlẹ̀, màá sọ fún wọn ohun tí mo ṣe. Mi ò ní jẹ́ kí Martina bá mi sọ ọ́.